Orí Keje: Tírẹ́dímìlì fún Àwọn Aláìríran

Èròǹgbà Ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ìdí tí tírẹ́dímìlì fi bá aláìríran mu, àti ibi tí ó ti ń dí i lọ́wọ́;
(b) ṣàlàyé bí ara ṣe ń dúró láìṣubú nígbà tí ojú kò ṣiṣẹ́;
(d) sàmì sí pátákó ìdarí ẹ̀rọ náà kí ọwọ́ lè kà á;
(e) kọ́ aláìríran láti gun ẹ̀rọ náà, kí ó lò ó, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa;
(ẹ) mọ bí eré ìdárayá ṣe le tó láìwo nọ́ńbà kankan.

7.1 Ìfáàrà

Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù láti sáré ní àdúgbò rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ojú ló fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ojú ló ń rí gọ́tà tí wọn kò bò. Ojú ló ń rí ọ̀kadà tó gba ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà, àti ọjà tí oníṣọ̀ọ̀bù kó dí ẹ̀gbẹ́ títì. Aláìríran tó bá fẹ́ sáré ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní láti wá ẹni tí yóò bá a lọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ráàyè ní àkókò kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yá tó ti ẹni tó ń mú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti torí èyí jókòó sílé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanrajù sì bá wọn níbẹ̀.

Tírẹ́dímìlì ni ẹ̀rọ tí a fi ń rìn tàbí sáré lójú kan. Bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan ló ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀pá ìdìmú wà lọ́tùn-ún àti lósì, pátákó ìdarí sì wà níwájú. Kò sí gọ́tà níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà, ọ̀nà rẹ̀ kò sì yà sí ibì kankan. Bí a bá rò ó dáadáa, ọ̀nà tó tẹ́jú fún aláìríran tó èyí ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, bí aláìríran bá wọ jíìmù, ìdí ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń sọ fún un pé, "Ẹ má gun ìyẹn o, ẹ máa ṣubú."

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé rírìn kọ́ ni ìṣòro aláìríran lórí tírẹ́dímìlì. Pátákó ìdarí ni ìṣòro rẹ̀, nítorí pé ojú nìkan ni pátákó náà ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó bá ọwọ́ àti etí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí à ń pè ní aláìríran nínú orí yìí kò rí bákan náà. Ẹnì kan kò rí ohunkóhun rárá. Ẹlòmíràn ń rí ìmọ́lẹ̀ tàbí òjìji. Ẹlòmíràn ń rí ohun tó wà níwájú gan-an, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀gbẹ́. Kí olùkọ́ tó ṣe ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè ohun tí ó ń rí.

7.2 Ìtàn Kúkúrú: Bí Ọwọ́ Ṣe Pàdánù Àyè Rẹ̀

Ní ọdún 1818, William Cubitt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ìlú Ọba, ṣe àgbá ńlá kan tó ní àtẹ̀gùn lára fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn náà ni àgbá ń yí. Wọn a máa gùn ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdé ibì kankan. Ìyà ni, kì í ṣe ìdárayá. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n pa á tì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1952, Robert Bruce, dókítà ọkàn, àti Wayne Quinton, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe tírẹ́dímìlì tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle. Aláìsàn ni yóò máa rìn lórí rẹ̀, dókítà ni yóò sì máa darí ẹ̀rọ tí yóò sì máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1968, Kenneth Cooper, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan tó pè ní Aerobics, níbi tí ó ti sọ àǹfààní eré sísá fún ọkàn. William Staub, onímọ̀ ẹ̀rọ, ka ìwé náà, ó sì ṣe tírẹ́dímìlì tó rọrùn láti gbé sílé. PaceMaster 600 ni orúkọ rẹ̀. Bọ́tìnnì yíyí ni a fi ń yan àkókò àti ìyára lórí ẹ̀rọ náà, bí ìgbà tí a bá ń yí rédíò àtijọ́. Ẹni tó dijú lè yí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí ó yí i dé.

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì pẹlẹbẹ dé, tí a fi ọ̀rá tẹ́ lójú, tí ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Èyí tó wá gbòde báyìí ni ojú gíláàsì bíi ti fóònù, tó ń dán gbinrin láti etí dé etí. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń wọ́n sí i ni ọwọ́ ń rí ohun dìmú dín kù. Nítorí náà, tírẹ́dímìlì àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ jíìmù, tí àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ gùn mọ́, lè jẹ́ èyí tó dára jù lọ fún aláìríran.

7.3 Bí Ara Ṣe Ń Dúró Láìṣubú

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí ènìyàn dúró láìṣubú: ojú, omi àti irun tín-ín-rín inú etí, tó ń sọ fún ọpọlọ bí orí ṣe tẹ̀, àti ìmọ̀lára iṣan, oríkèé àti àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ẹni tó ń ríran máa ń gbára lé ojú púpọ̀. Ẹni tí kò ríran láti ìgbà pípẹ́ ti kọ́ láti fi méjì yòókù ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìdánwò kékeré: Dúró ti ògiri, gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí o sì ka ení dé ogún. Tún un ṣe, ṣùgbọ́n dijú ní ìgbà kejì. Kí ni o kíyè sí?

Ó dájú pé ara rẹ mì ju ti ìṣáájú lọ. Ibí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ kóòṣì ti bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì dijú lórí ẹ̀rọ, òòyì kọ́ ọ, ó sì gbà pé bí ó ṣe ń ṣe aláìríran nìyẹn lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dijú kò tíì kọ́ ohun tí aláìríran ti fi ọdún púpọ̀ kọ́. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Kí a mú tirẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

7.4 Àyẹ̀wò Ṣáájú Ìgun

Ohun tó fa àìríran ṣe pàtàkì fún olùkọ́, nítorí pé àrùn kan náà lè kan ibòmíràn lára.

Àkọ́kọ́ ni ìtọ̀ súgà. Àrùn yìí lè ba ojú jẹ́, ó sì tún lè mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tó tẹ̀ ti pàdánù ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí a kà ní 7.3. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa di ọ̀pá mú dáadáa, kí ó máa rìn dípò kí ó sáré, kí ó wọ bàtà tó bá a mu, kí ẹlòmíràn sì bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́yìn eré, nítorí pé ó lè gbọgbẹ́ láìmọ̀.

Èkejì ni glaucoma, ọ̀kan nínú àwọn àrùn tó ń fọ́ ojú jù lọ ní Nàìjíríà. Oògùn ojú kan tí wọ́n máa ń kán sí i, timolol, lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dín lílù ọkàn kù. Bí kóòṣì bá ń fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù díwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe le tó, nọ́ńbà náà lè tàn án jẹ. Ọ̀nà tó sàn wà ní 7.8.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, tàbí tí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ ti ya rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré àfi bí dókítà ojú rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

7.5 Sísàmì sí Pátákó Ìdarí

Kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì ni a ń sàmì sí. Bí àmì bá pọ̀ jù, ọwọ́ kò ní mọ èyí tí yóò mú. Márùn-ún tó: ìbẹ̀rẹ̀, ìdádúró, àlékún ìyára, àdínkù ìyára, àti èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ padà sí ilẹ̀ títẹ́jú bí ó bá ti dà gẹ̀rẹ̀.

Àwọn àmì rọ́bà kéékèèké wà tó ń lẹ̀ fúnra wọn. Bí a kò bá rí wọn rà, ohun tó wà nílé tó:

1. Nu ojú bọ́tìnnì náà gbẹ.
2. Lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí gọ́ọ̀mù má baà ṣàn wọ inú ẹ̀rọ.
3. Fi gọ́ọ̀mù lẹ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí o lẹ ègé igi ìṣáná ní òòró mọ́ àlékún ìyára, àti ní ìbú mọ́ àdínkù rẹ̀.
4. Fi ohun tó tóbi jù, tó sì yàtọ̀ pátápátá, sàmì sí ìdádúró. Bọ́tìnnì aṣọ dára fún un.
5. Jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí aláìríran fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ kà á. Àmì tí òun kò bá mọ̀ yàtọ̀, kí a yí i padà. Ọwọ́ tirẹ̀ ni adájọ́.

Bí pátákó náà bá jẹ́ ojú gíláàsì, sísàmì sí i kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé ohun tó wà lójú rẹ̀ máa ń yí padà, ìka tó sì ń wá àmì kiri lè tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀. Wá ẹ̀rọ mìíràn, tàbí èyí tó ní bọ́tìnnì gidi lára ọ̀pá ìdìmú.

Kíka ìtẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìtẹ̀ kan máa ń fi 0.1 kún ìyára. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.0 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a sì fẹ́ dé 4.0, ìtẹ̀ 30 ni. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá kìlómítà ni ẹ̀rọ náà ń lò tàbí máìlì, nítorí pé máìlì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó rò pé òun tẹ 6 kìlómítà, tí ẹ̀rọ sì gbọ́ 6 máìlì, ti kúrò ní ìrìn, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan ló ń sá.

Yíyẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lè parọ́. Láti mọ òótọ́, wọn gígùn bẹ́líìtì yípo, lẹ téèpù funfun mọ́ etí rẹ̀, kí o sì ka iye ìgbà tí téèpù náà kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Bí bẹ́líìtì bá gùn ní mítà 3, tí ó sì yí ní ìgbà 25, mítà 75 ló rìn ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú 60, mítà 4,500 ni, ìyẹn kìlómítà 4.5 ní wákàtí kan. Olùkọ́ ló ń ṣe èyí, kí aláìríran tó gun ẹ̀rọ.

7.6 Fóònù Gẹ́gẹ́ Bí Ohùn Ẹ̀rọ

Láti ọdún 2009 ni fóònù iPhone ti ní VoiceOver, tí Android sì ní TalkBack. Méjèèjì máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, ọ̀pọ̀ aláìríran sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ọ̀pọ̀ tírẹ́dímìlì òde òní ló ní Bluetooth. Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń bójú tó Bluetooth gbé kalẹ̀ fún ẹ̀rọ eré ìdárayá, Fitness Machine Service, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ìyára, ìgòkè àti ibi tí a rìn dé ránṣẹ́ sí fóònù. Bí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀ lé ìlànà yìí, fóònù aláìríran yóò gbọ́ ohun tí pátákó ń sọ, yóò sì kà á fún un. Nítorí náà, bí jíìmù bá fẹ́ ra tírẹ́dímìlì tuntun, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ẹni tó ń tà á ni: "Ṣé ó ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ mọ̀? Ṣé fóònù lè ka nọ́ńbà rẹ̀?"

Ìkìlọ̀ méjì: kí aláìríran fi gbohùngbohùn sí etí kan ṣoṣo, kí etí kejì máa gbọ́ ìró bẹ́líìtì àti ohùn kóòṣì, kí ó sì parí gbogbo ètò orí fóònù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bẹ́líìtì.

7.7 Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Lórí Ẹ̀rọ

Yan ẹ̀rọ tó wà ní ìparí ìlà, tó súnmọ́ ògiri, kí ó sì jẹ́ òun kan náà ni ẹni náà yóò máa bá níbẹ̀. Má ṣe kó àpò tàbí irin sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, gbé fáànù sí iwájú gan-an: bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí àárín ojú, ẹni náà mọ̀ pé òun dojú kọ iwájú, bí ó bá ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó ti ń yà nìyẹn.

Ẹ wo bí kóòṣì kan ṣe lè mú ìyá àgbàlagbà kan mọ ẹ̀rọ náà:

Kóòṣì: Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ̀rọ náà wà níwájú wa, bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Ṣé ẹ ó di ìgúnpá mi mú, àbí ọ̀pá yín ni ẹ ó fi lọ?

Màmá: Jẹ́ n di ìgúnpá rẹ mú.

Kóòṣì: Ó dáa, mà. A ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá yín kan iwájú. Ó ga bí àtẹ̀gùn ilé kan. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gùn ún, etí méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ àárín. Àárín ni bẹ́líìtì wà.

Màmá: Ọwọ́ mi ti kan irin.

Kóòṣì: Ọ̀pá ìdìmú nìyẹn. Ẹ di méjèèjì mú. Okùn kan rèé tó ní ìgámú lẹ́nu, ẹ gá a mọ́ aṣọ yín. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn jù, okùn yẹn á fa kọ́kọ́rọ́ ààbò yọ, ẹ̀rọ á sì dúró. Ó yá, ẹ fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì aṣọ níwájú yín.

Màmá: Òun nìyí. Kí ló ń ṣe?

Kóòṣì: Ìdádúró ni. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tún wá a. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún kí a tó tan ẹ̀rọ rárá.

Kíyè sí ohun tí kóòṣì yìí ṣe. Kò fa Màmá lọ́wọ́; ó bi í léèrè. Kò sọ pé "níbẹ̀ yẹn" tàbí "síbí". Ó sọ iye ìgbésẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ yóò bá. Ó kọ́ ọ ní ìdádúró kí ó tó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tan ẹ̀rọ sí ìyára tó kéré jù lọ, tí Màmá yóò fetí sí i, tí yóò fi ẹsẹ̀ kan kàn án ní ìgbà díẹ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e.

Dídi ọ̀pá mú kò burú fún olùbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn ń dín iṣẹ́ ẹsẹ̀ kù. Bí ọjọ́ ti ń lọ, kí ó máa fi ìka kan ṣoṣo kan ọ̀pá náà. Ìka yẹn kò gbé ara ró; àmì ọ̀nà ni.

Bí iná bá lọ: Ní ilẹ̀ wa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá. Bẹ́líìtì lè dúró lójijì, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì lè bo ohùn kóòṣì. Kọ́ ẹni náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí bẹ́líìtì bá ti ń kú, kí ó di ọ̀pá méjèèjì mú, kí ó gbé ẹsẹ̀ sí etí ẹ̀rọ, kí ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ ààbò. Bí iná bá dé, ìyára tó kéré jù lọ ni kí ó ti tún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó bá a dé.

7.8 Mímọ Bí Iṣẹ́ Ṣe Le Tó

Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ka àwọn aláàbọ̀ ara mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ti tó 150.

Báwo ni a ṣe mọ oníwọ̀nba láìwo pátákó? Ẹnu ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń rìn bá lè dá orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ náà ṣì fúyẹ́. Bí ó bá lè sọ̀rọ̀ geere ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti wà ní ìwọ̀nba. Bí ó bá ń dákẹ́ mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ti le. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà yìí kò béèrè ojú, oògùn glaucoma kò sì lè tàn án jẹ.

7.9 Ohun Tí Òfin Sọ

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ti ọdún 2006, mẹ́nu ba eré ìdárayá ní àpilẹ̀kọ rẹ̀ ọgbọ̀n. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, Ààrẹ sì fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Òfin náà kọ ìyàsọ́tọ̀, ó sì fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀.

Ṣùgbọ́n wíwọ ilé kò tíì jẹ́ lílo ohun inú ilé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ìlànà ọdún 2010 lábẹ́ òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní kí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ó kéré tán ẹ̀rọ kan nínú irú ẹ̀rọ ìdárayá kọ̀ọ̀kan kí kẹ̀kẹ́ arọ lè débẹ̀. Ìlànà kan náà yọ bọ́tìnnì àwọn ẹ̀rọ ìdárayá sílẹ̀ nínú ohun tó pọn dandan. Òfin ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi pátákó ìdarí sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Àlàfo tí olùkọ́ eré ìdárayá yóò dí nìyẹn.

Àkótán

Tírẹ́dímìlì jẹ́ ọ̀nà títẹ́jú tí kò ní gọ́tà. Ohun tó ń dí aláìríran lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pátákó tó ń bá ojú nìkan sọ̀rọ̀, àti ìbẹ̀rù àwọn tó ń ríran. Àmì márùn-ún, fóònù tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdádúró, àti orin tí a fi ń wọn èémí: ìwọ̀nyí tó láti mú un gun ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè àti Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kí ló dé tí kò fi tọ́ kí kóòṣì fi bí òòyì ṣe kọ́ òun nígbà tí ó dijú ṣèdájọ́ aláìríran?
2. Bẹ́líìtì kan gùn ní mítà 3.2, ó sì yí ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Kìlómítà mélòó ni yóò rìn ní wákàtí kan?
3. Ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ láti 0.8, ìtẹ̀ kan sì ń fi 0.1 kún un. Ìtẹ̀ mélòó ni yóò gbé e dé 3.5?
4. Ọkùnrin kan tí ìtọ̀ súgà fọ́ lójú fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí tírẹ́dímìlì. Kọ ìbéèrè mẹ́rin tí o máa bi í ṣáájú, kí o sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Lọ sí jíìmù tó súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Gba àyè lọ́wọ́ wọn, dúró ní etí tírẹ́dímìlì kan tí wọn kò tàn, dijú, kí o sì fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì ìdádúró. Bí o kò bá rí i, sọ fún ọ̀gá jíìmù náà, kí o sì padà lọ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, gọ́ọ̀mù àti bọ́tìnnì aṣọ kan.